Kẹ̀kẹ́ háyà láti Ìpóbẹ̀ sí Kétu: pẹ́dàlì òsì tó yọ lójú ọ̀nà

Pẹ́dàlì òsì ló yọ. Mo rí i tó ń yí gbirigbiri lọ sínú koríko, ẹsẹ̀ mi sì gbá ọ̀dà. Mo ti kọjá Ìsàbà, ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà náà, Kétu ṣì jìnnà, oòrùn sì ti ń mú. Torí pẹ́dàlì yẹn, àti torí ohun tí ọ̀gá tó ni kẹ̀kẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ìsinmi Àjíǹde ni, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo sì rí gbà. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn àwọn ìlú tí àwọn ọmọ Odùduwà tẹ̀ dó, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Kétu rí. Ó wù mí kí n gùn ún débẹ̀, kí n fi ojú ara mi rí bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Ìpóbẹ̀ ni mo ti yá kẹ̀kẹ́, ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ: 3,000 sẹ́fà lóòjọ́, ìdógò 20,000. Kẹ̀kẹ́ náà mọ́, táyà rẹ̀ le, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dán bíréèkì rẹ̀ wò lójú ọ̀gá. Mi ò wo pẹ́dàlì.

Ọ̀nà yẹn dára, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹ ó fi ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Ìpóbẹ̀, ẹ ó wá máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ilẹ̀ pupa á fi tán tí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lóru. Mo yà kúrò lórí ọ̀dà kí n ya fọ́tò oko kan, ẹrẹ̀ dúdú náà sì lẹ̀ mọ́ táyà títí kò fi yí mọ́. Igi ni mo fi ha á kúrò. Àwọn Ọ̀họ̀rí bá àwọn Faransé jà ní 1914 àti 1915. Ẹni tó bá ti ti kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ yẹn á mọ̀ pé ilẹ̀ wọn bá wọn jà nínú ogun náà.

Mo pe ọ̀gá nígbà tí pẹ́dàlì yọ. Kò gbé e. Mo tún pè. Ó ní, “Madáàmù, ẹ máa tì í bọ̀.” Ọ̀nà tí mo ti fi wákàtí kan àti ààbọ̀ gùn ni kí n máa ti kẹ̀kẹ́ padà! Mo ní mi ò tì í. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á rán ọmọ iṣẹ́ wá nísinsìnyí. Nísinsìnyí yẹn gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá kan tó ń ta epo bẹntiróò inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà gbé àpótí fún mi. Ọ̀họ̀rí ló ń sọ, mo gbọ́ tó ìdajì, a sì lóye ara wa. Ibẹ̀ ni mo ti nu pẹ́dàlì náà. R ni wọ́n tẹ̀ sórí irin rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ti ọ̀tún tó ṣì wà níbẹ̀: R lòun náà. Pẹ́dàlì ọ̀tún méjì ni wọ́n dè mọ́ kẹ̀kẹ́ kan. Inú mi ru débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Zẹ́mì kan, ọ̀kadà akérò, dúró, ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpò lọ́rùn. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ kó tó kí mi tán. “Ẹ kú ìjókòó o, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Mo na pẹ́dàlì sí i láìsọ̀rọ̀. Ó wo R náà, ó mi orí.

“Ti òsì kì í yí bíi ti ọ̀tún, ìyá mi. Apá òsì lẹ ó yí i sí kó tó le. Tí wọ́n bá fipá ki ti ọ̀tún bọ ibẹ̀, á jẹ eyín inú ihò. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa tú.”

Ihò náà ti bàjẹ́, pẹ́dàlì tuntun kò lè mú ibẹ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ kó tó wá. Odidi apá irin ló yọ látinú àpò, pẹ́dàlì òsì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní ara kẹ̀kẹ́ òun ni, èyí tí òun ń gùn relé.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn ń wò ó. Ó fi sípánà tú bọ́ọ̀tù, ó de irin kékeré kan mọ́ ọn láti fi fa apá tó bàjẹ́ jáde, ó nu ojú ibẹ̀ pẹ̀lú etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dè é, ó tún dè é. Lẹ́yìn náà ló gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Mo fún un lówó, kò gbà á. Ó ní kí n san ti zẹ́mì tó gbé òun wá, tó sì máa gbé òun padà. Mo san 2,000.

Ìyókù ọ̀nà dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe rò lọ. Ilẹ̀ tún ń gòkè, ó tún di pupa, pẹ́dàlì òsì ò sì dún rárá. Nígbà tí mo dúró níwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú tí àwọn Dahomey pa run ní 1886 tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà wá tún tẹ̀ dó, omi bọ́ lójú mi. Kétu yìí náà ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia, ní Brazil, títí di òní. Mo sùn síbẹ̀, mo gùn ún padà láàárọ̀, ohunkóhun ò yọ.

Ọ̀gá ka ìdógò mi: 12,000. Ó ní 6,000 jẹ́ ti pẹ́dàlì àti apá rẹ̀ tí mo bà jẹ́, 2,000 jẹ́ ti zẹ́mì. Mo gbé pẹ́dàlì oní-R kalẹ̀ sórí tábìlì, mo ní kó kà á. Ó ní gbogbo àlejò ló máa ń rí nǹkan sọ. Ọmọ náà ń fọ táyà lẹ́yìn wa. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, R ni. Àwa la fi síbẹ̀.”

Ọ̀gá ò wò ó lójú. Ó ka 6,000 fún mi. Ó di 2,000 mú. Ó ní àbọ̀ zẹ́mì ni mo san lójú ọ̀nà, ti àlọ lòun ń yọ. Irọ́ ni, ojú mi lọmọ náà ṣe sọ pé àlọ àti àbọ̀ ni, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí ẹ bá lọ, ẹ wo orí irin pẹ́dàlì kí ẹ tó sanwó: L ní òsì, R ní ọ̀tún. Ẹ gba rìsíìtì ohun gbogbo.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Nígbà tí mo jáde, ọmọ náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú apá kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kúrò lára èyí tí mo dá padà.