Feller àti Spahn: ta ni ogun gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ jù?

Bí wọ́n bá ń sọ nípa àwọn ajubọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí Ogun Àgbáyé Kejì dá dúró, orúkọ Bob Feller ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni, ó sì ti jáwé olúborí nígbà 107 fún ẹgbẹ́ Cleveland (wọ́n máa ń kọ ìborí ẹgbẹ́ sí orúkọ ajubọ́ọ̀lù kan), kó tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní oṣù December 1941, kété tí Japan kọlu Pearl Harbor. Jẹjẹrẹ ń bá bàbá rẹ̀ jà. Ó lè fi ìyẹn bẹ̀bẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ìbọn tí wọ́n fi ń já bàálù bọ́ ló wà nínú ọkọ̀ ogun Alabama.

Warren Spahn, ajubọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, ńkọ́? Kò tíì borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó lọ. Àwọn ológun tó ń tún afárá ṣe ló bá lọ sí Yúróòpù, àfọ́kù irin sì bà á lẹ́sẹ̀ ní Remagen, ní Jámánì. Ó pé ọdún 25 kó tó borí nígbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ìborí 363 ló kó jọ. Feller ní 266.

Lójú tèmi, Feller ló pàdánù jù. Ẹ wo iye ìgbà tó borí ní ọdún mẹ́ta tó ṣáájú kó tó lọ sógun: 24, 27, 25. Bó ṣe padà dé pátápátá ní 1946, ó tún borí nígbà 26. Ta ló fẹ́ sọ pé ọwọ́ yẹn ti rọ ní àárín méjèèjì?