Katakata kékeré àlòkù àti àdá: èwo ló yẹ ilẹ̀ tó ti di igbó?

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú tó ti di igbó, katakata kékeré àlòkù tí a so abẹ tí ń yí bírí mọ́ lẹ́yìn lè fi wákàtí díẹ̀ parí ohun tí àwọn aládàá yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, bí igi inú rẹ̀ kò bá ti nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ṣùgbọ́n abẹ kò lójú. Kùkùté tó fara pamọ́ lè ṣẹ́ ẹ, wáyà lè wé mọ́ ọn, ó sì lè ta òkúta jáde bí ọta ìbọn. Aládàá ní tirẹ̀ ń rí ohun tó ń gé, ó sì lè dá igi tó wúlò sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ó kọ́kọ́ la inú igbó náà kọjá, kí ó sàmì sí àwọn kùkùté, kí katakata tó wọlé. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àdá nìkan ni mo fara mọ́, nítorí katakata lè dojú dé mọ́ awakọ̀ lórí, pàápàá àlòkù tí wọn ti yọ irin ààbò rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò dáadáa: bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì.