Ẹni tí ohùn ti há ni wọ́n ní kó pe fóònù

Ẹ̀ka tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn alárùn jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú ọ̀fun mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú tó bí mi ló mú mi kọ ọ́.

Òru ni rọ́bà oúnjẹ tí wọ́n fi sí mi níkùn dí. Omi ò wọlé, oògùn ìrora ò wọlé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì gba àtẹ̀jíṣẹ́. Mo pè é. Ohùn mi ò ju èémí lọ nígbà náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́ yín." Mo tún un sọ. Itọ́ tó ki há mi lọ́fun, ikọ́ gbé mi. "Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà. Ẹ tún pè." Ó gé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀! Ọ̀fun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń fi ìtànṣán jó láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ta gan-an ni wọ́n rò pé yóò máa pe ẹ̀ka yìí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò?

Ìyàwó mi jí, ó gba fóònù, ó ń pè títí wọ́n fi fà á lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Èyí yàtọ̀. "Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Síríńjì ńlá yẹn ni kẹ́ ẹ lò, agbára ti síríńjì kékeré máa ń pọ̀ jù, ó lè bẹ́ rọ́bà." Ó ní kó tì í díẹ̀, kó fà á padà díẹ̀, kó má fipá ṣe é, kó má sì ki wáyà bọ̀ ọ́ láéláé. Kò gbé fóònù sílẹ̀ títí omi fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú oògùn tí a ń lọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kó máa tú sára díẹ̀díẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tó fún wa ò tilẹ̀ béèrè ibi tí oògùn ń gbà wọnú mi.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ṣí nọ́ńbà àtẹ̀jíṣẹ́. Wọ́n fèsì pé kí n pe fóònù, kí a lè jíròrò rẹ̀. Mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n onímọ̀ oúnjẹ wọn! Obìnrin yẹn, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀ ló ti wọ̀n mí, ó ṣírò ohun tí ara mi nílò lójúmọ́: fún kílò kọ̀ọ̀kan tí mo wọ̀n, nǹkan bíi kálórì 30 àti purotéènì gíráàmù 1.2 sókè. Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé ẹnu máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, àti pé èyí tó le jù lè dé lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti parí. Òun náà ló ṣàlàyé ohun tí ẹlòmíì ò sọ: ìbòjú líle tí wọ́n fi ń de orí wa mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ojú àti ọrùn ẹni ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí èèyàn bá rù, á tú, orí á máa yẹ̀, ìtànṣán lè má bá ibi tí wọ́n fojú sùn; wọ́n lè ní láti ṣe òmíràn. Mo gbọ́ èyí, mo gbé ohun mímu aṣaralóore wọn. Fanílà ni o, ṣokoléètì ni o, gbogbo rẹ̀ ń ta bí irin lẹ́nu mi. Ó ní kí n mu ún ní tútù. Irin tútù ló dà.

Nígbà tí rọ́bà wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́, kò gbà kí n pa ọ̀fun tì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò pé omi ò ní ṣìnà sí ẹ̀dọ̀fóró, ó ní kí n máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí iṣan ọ̀fun tí a ò bá lò máa ń gan. Ó ń jókòó tì mí, ó ń wò mí, inú ń bí mi. Lónìí, ẹnu ni mo fi ń jẹun.

Àmọ́ lẹ́yìn ìtànṣán ìkẹyìn, ọjọ́ ìpàdé tí ẹ̀ka náà fún mi jìnnà réré, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ní ìgbà yẹn ló máa ń le jù. Obìnrin yìí ló ń fi wá há àárín àwọn aláìsàn mìíràn. Bó bá gba ìsinmi ńkọ́?

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ìyàwó mi ní 2 ti pọ̀ jù fún wọn. Kó lọ kọ tirẹ̀.