Abẹ́rẹ́ ṣíkínpọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ní GP (dókítà àdúgbò) ní London: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ wà ní UK, tọ́mọ yín bá ti ń sún mọ́ ọdún kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ MMRV yìí. Tèmi ti gba ti àkọ́kọ́, ohun tójú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, èyí tó dáa àtèyí tó kù díẹ̀ káàtó. MMR tá a ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ náà ni, wọ́n kàn fi ti ṣíkínpọ́ọ̀sì kún un ni, torí náà measles, mumps, rubella àti ṣíkínpọ́ọ̀sì ló wà nínú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. January 2026 ni NHS, ètò ìlera ìjọba UK, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé, kọ́bọ̀ ò sì jáde lápò mi.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan tí mò ń kọ yìí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ́mọ òun gba abẹ́rẹ́ ṣíkínpọ́ọ̀sì nílùú yìí, fámásì ló máa lọ, á san nǹkan bíi £150 fún méjèèjì, tó bá wá bí ọmọ mẹ́ta ńkọ́? Àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn ti ń gbà á fọ́mọ wọn tipẹ́, àmọ́ ládùúgbò tiwa ní Peckham níbí, àwa tá à ń ṣe kiáà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, tá à ń ṣe klíínìn, tá à ń ṣiṣẹ́ wíàháòsì lóru, ta ló fẹ́ mú £150 kúrò nínú owó rẹ́ǹtì torí ṣíkínpọ́ọ̀sì? Àwọn ọmọ wa ló ń ṣe é, àwa la sì ń jókòó tì wọ́n nílé. Nọ́sìrì ò ní gbà á lọ́wọ́ yín títí gbogbo ohun tó yọ lára rẹ̀ á fi gbẹ tó máa ní èépá, ìyẹn á tó ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ zero hours, tí wọn ò ṣèlérí wákàtí kankan fún, ọjọ́ tí ò bá lọ síṣẹ́, kò sówó. Kò tíì tán o, torí ẹni tí ò bá tíì ṣe é rí tó ń gbénú ilé kan náà, tá a bá kó wọn jọ lọ́gọ́rùn-ún, bíi àádọ́rùn-ún nínú wọn lè kó o, àárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlélógún ló sì máa tó yọ lára ti ìkejì. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé yàrá kan tẹ̀yin tọmọ, tí àkọ́kọ́ bá san tán ni àbúrò ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún pe ọ̀gá yín pé ẹ ò lè wá. Kì í sì í ṣe pé ẹ lè ya ọmọ náà sọ́tọ̀ kó má ran èkejì, torí ó ti ń ràn kí nǹkan kan tó yọ lára ẹ̀ rárá. Ìjọba fúnra wọn ló ṣírò ẹ̀ pé £24 mílíọ̀nù lówó tó ń bọ́ lọ lọ́dọọdún torí iṣẹ́ tí àwọn òbí ò lè lọ. November 2023 làwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ní kí wọ́n ṣe é, ó di August 2025 kí ìjọba tó kéde pé ó dáa. Ó pẹ́ jù fún mi, àmọ́ ó dé.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn mọṣẹ́ dunjú. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ọmọ náà ní àìsàn kankan tó ń dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn kù, bóyá nǹkan kan wà tí ara rẹ̀ ò gbà, torí kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe òkú, ẹni tí ara rẹ̀ ò lágbára láti gbógun ti àrùn ò gbọ́dọ̀ gbà á, aláboyún náà ò gbọ́dọ̀ gbà á. Ó wá ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ọmọ ọdún kan máa gbà lọ́jọ́ kan náà, MMRV, MenB (ti àrùn yírùnyírùn) àti ti pneumococcal (ti òtútù àyà), ó ní kí n gbé e lé ẹsẹ̀ dáadáa kí n di apá ẹ̀ mú, kí n fi ojú ẹ̀ sáyà mi. Ọmọ náà pariwo o, àmọ́ kó tó gba èémí láti sunkún ẹlẹ́ẹ̀kejì, obìnrin yìí ti ṣe é tán. Ó wá kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ sí, orúkọ abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ara ìgò ẹ̀. Ó tún sọ fún mi pé tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn, ara ẹ̀ lè gbóná, nǹkan lè sú sí i lára díẹ̀, kí n má jáyà, kí n fún un ní parasitámọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, ara ẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, ó lọlẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, èyí kàn yín: oríṣi MMRV méjì ni NHS ń lò. Èyí tó ń jẹ́ ProQuad ní jẹ́látìnì ẹlẹ́dẹ̀ nínú, Priorix-Tetra ò ní. Ìyá kan tá a jọ jókòó níbẹ̀ béèrè, wọ́n sì fún ọmọ ẹ̀ ní èyí tí ò ní láìjanpata. Ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba déètì, kó má di pé ẹ débẹ̀ kí wọ́n máa wá a kiri.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí ọ̀rọ̀ àkókò ni. Tẹ́ẹ̀sì ni GP tèmi fi ránṣẹ́, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, líńkì ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, Monday sí Friday láàárín ọ̀sán gangan nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ṣíìfù òru, tó délé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà yẹn gan-an lẹ ní kó máa pe fóònù láti gba déètì míì, kó wà lórí ìlà, kó má sùn! Àwọn tí ètò yìí máa ṣe láǹfààní jù ni àwọn tí ò ní ráàyè wá lákòókò yẹn. Kí wọ́n ṣí i ní Saturday, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ máa rí i bí àwọn ìyá ṣe máa tò. Fámásì tó ń gbowó ń ṣe é ní Saturday, ẹ ò wá rí i pé ẹni tó lówó nìkan la ń bá àkókò ẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Àwọn kan nínú wa ò rẹ́jísítà ọmọ wọn ní GP torí ọ̀rọ̀ páálí ìgbélùú, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ gbọ́ mi o, ní England, GP ò gbọ́dọ̀ ní dandan kẹ́ ẹ mú páálí wá kí wọ́n tó rẹ́jísítà yín, ẹ ò nílò ID, ẹ ò nílò ẹ̀rí àdírẹ́sì, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí ẹni tó wà níwájú bá ń dà yín láàmú, ẹ ní kó bá yín pe mánéjà. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ pàdánù abẹ́rẹ́ torí ìwé ìyá ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé ṣíkínpọ́ọ̀sì kẹ̀, ṣebí gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, a ó fi kalamáìnì pa á lára, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Rárá o. Ilé wa lẹ máa kọ́kọ́ bi. Ọkọ mi ò ṣe é ní kékeré ní Ìṣẹ́yìn, torí nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dàgbà láì tíì ṣe é rí, ìlú òyìnbó ló wá kó o nígbà tí ọmọ wa obìnrin gbé e wọlé. Ti ọmọ yẹn, ó họ ara ẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan, ó ń sáré kiri. Ti bàbá ẹ̀, ó lé ròrò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọ inú ẹnu ẹ̀ tí ò fi lè jẹun, ibà ńlá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìsí iṣẹ́. Àgbà tó bá ṣe é, òtútù àyà lè wọ̀ ọ́. Aláboyún tó bá sún mọ́ ẹni tó ń ṣe é, tí ò sì dá a lójú pé òun ti ṣe é rí, kó tètè pe mídwáìfù lọ́jọ́ náà, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò kí wọ́n fún un lóògùn. Ẹ má sì fún ọmọ tó ń ṣe é ní ibuprofen àyàfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ fún un. Kódà tó bá ti san, kòkòrò yẹn ò jáde nínú ara, inú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ (nerve) ló máa ń sápamọ́ sí, òun ló máa ń padà jáde bíi shingles, èéyọ tó máa ń ta èèyàn lára gan-an, nígbà àgbà.

Ìdí mìíràn tó fi dùn mọ́ mi pé gbogbo ọmọ ni wọ́n ń fún báyìí: WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ yìí jáde gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ó kéré tán ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló máa gbà á. Tó bá jẹ́ ìdajì lásán ló gbà á, kòkòrò náà á ṣì máa rìn, àmọ́ kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò gbà á, ó di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà, tó máa ń le, kó tó bá wọn. Ta sì ni àwọn tí ò gbà á, tó bá jẹ́ pé títà ni wọ́n ń tà á? Ọmọ tálákà ni. Ní Nàìjíríà títí di báyìí, kò sí nínú abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní héẹ̀tì sẹ́ńtà, ọsibítù aládàáni tẹ́ ẹ ti máa sanwó ló wà. Amẹ́ríkà ò ṣe bẹ́ẹ̀: láti 1994 ni wọ́n ti ní ètò Vaccines for Children fún àwọn ọmọ tóbìí wọn ò ní ìnṣọ́ránsì, tó fi jẹ́ pé nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣíkínpọ́ọ̀sì jáde níbẹ̀ ní 1995, ọmọ tálákà náà rí gbà. Kó tó di ìgbà yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń ṣe é níbẹ̀ lọ́dún, ó sì ń pa ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ.

Ní ti ọjọ́ orí: ọmọ tí wọ́n bí láti 1 January 2025 máa gba ti àkọ́kọ́ lọ́dún kan, èkejì ní oṣù méjìdínlógún, ẹ má fi ẹyọ kan ṣe o, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn tó ti ju ìyẹn lọ ní ètò tiwọn, ẹ bi GP yín léèrè. Àwọn tí wọ́n bí láàárín January 2020 sí August 2022, tí wọn ò tíì ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì rí, tí wọn ò sì tíì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹyọ kan ni tiwọn, November 2026 ló máa bẹ̀rẹ̀. Tí tẹ́ẹ̀sì ò bá wá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n.