Ètò ìrànwọ́ kánńtì fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́: ọ̀dà ojú fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi

Ó ku díẹ̀ ká lọ fọwọ́ síwèé ni bàbá tí kánńtì (ìjọba ìbílẹ̀ wa) rán wá yẹ ilé wò, níbí ní Maryland, tan tọ́ọ̀ṣì sí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Ó fi èékánná ha ọ̀dà tó ti ń ṣí, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní ilé ò yege. Ẹni tí èmi fúnra mi sanwó fún ti yẹ ilé náà wò ṣáájú, ẹ̀rọ omi gbígbóná nìkan ló rí wí sí! Bàbá ní ilé tí wọ́n bá kọ́ ṣáájú 1978 lè ní òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú ọ̀dà, bí owó ìjọba àpapọ̀ bá sì máa wọ̀ ọ́, ọ̀dà ibẹ̀ ò gbọdọ̀ máa ṣí. 1962 ni wọ́n kọ́ tèmi.

Mo ní kí ọkọ mi lọ kùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ó tì o, àfi ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí eruku rẹ̀ ò fi ní fò. Ẹni tó ń ta ilé ní òun ò ní ná kọ́bọ̀, pé ẹlòmíì wà nílẹ̀ tó máa sanwó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe ọmọ Yorùbá tó ń bá wa ṣe ìwé mọ́géèjì, ìyẹn owó tí a fẹ́ yá ra ilé. "Bọ̀dá, ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n máa ń wo ọ̀dà." "Ẹ má bínú, Ma, kánńtì ló mọ̀ yẹn." Láti ọjọ́ yẹn, ẹ pè é títí, kò ní gbé e.

Owó náà fúnra rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Ìpínlẹ̀ máa ń ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, tí ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó orí lórí èlé rẹ̀, torí ẹ̀ ni àwọn tó ń rà á ṣe ń gba èlé kékeré. Òun ni wọ́n fi ń yá wa lówó ọgbọ̀n ọdún, tí èlé tiwa náà fi fúyẹ́. Owó kejì ni ti HOME, ètò ìrànwọ́ ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin 1990 dá sílẹ̀, tí Washington ń pín fún ìpínlẹ̀, ìlú àti kánńtì. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní $15,000 fún owó àsansílẹ̀ àti owó ìwé. Kò lélé, a kì í san án lóṣooṣù; bí mo bá gbé inú ilé náà pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n á fi jìn mí. Ẹni tó ti nílé rí gan-an lè bọ́ sí i, bó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti nílé kẹ́yìn.

Mo gba ọ́fíìsì kánńtì lọ láìpè tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ lọ jà ni. Ìyá tó wà nídìí tábìlì ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ. Ó wá bi mí bóyá mo lọ́mọ. Mo ní ọmọdébìnrin ọlọ́dún méjì. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi fọ́tò fèrèsé yẹn hàn mí, èèpo ọ̀dà jọ sísàlẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. "Ibi tí àwọn ọmọdé máa ń fi eyín gé jẹ nìyí." Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ojú mi ló ṣe pe aṣojú ẹni tó ń tà á, ó ní kí owó akunlé jáde lára owó ilé lọ́jọ́ tá a bá fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbà. Ẹni tó fẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀kan náà ti já owó wálẹ̀ ni, a ò kàn mọ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tá a fọwọ́ síwèé, ṣẹ́ẹ̀kì kánńtì ò tètè dé. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ sùn sórí àga. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá wa rántí pé òun ní fóònù: ọjọ́ tí wọ́n bá wa di èlé mú sí, kó má bàa gòkè, ti kọjá, a gbọ́dọ̀ fowó kún un kí wọ́n tó tún dì í mú. Àpò wa ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó dá a padà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹni tó bá ń bínú kó lọ bá ọkọ mi, méjì péré lòun ní kí n fi sí i.