Qutub Minar, Red Fort tàbí ibojì Humayun: èwo ni kẹ́ ẹ náwó lé ní Delhi?

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Delhi, ọsíbítù ló ń gbé wa lọ. Ẹ ò ní í ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ máa fi gbafẹ́. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ máa rí, láàárín ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tí èsì jáde. Ní tiwa, orúnkún màmá mi ni. Ọjọ́ Àìkú la dé, dókítà ní ká wá lọ́jọ́rú, màmá sì ní òun ò lè wá sí Íńdíà wá máa ka iye ìgbà tí fáànù yí po.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó yẹ kẹ́ ẹ rí, orúkọ mẹ́ta lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: Red Fort tó jẹ́ ààfin olódi, Qutub Minar tó jẹ́ ilé gogoro, àti ibojì ọba Humayun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé tí àjọ UNESCO ń kọ àwọn ibi ìtàn pàtàkì láyé sí. Iye kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà lọ́wọ́ àwa àlejò, 600 rúpì lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan nígbà tá a lọ. Ọmọ onílẹ̀ kì í san tó 100. Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn, òfin wọn ni. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 15 kì í sanwó. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dín díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ káàdì náírà mi kọ̀ jálẹ̀, mo gbìyànjú ẹ̀ títí ọwọ́ fi ro mí. Ẹ mú owó rúpì dání. Níwọ̀n ìgbà tí owó wọn ti dọ́gba, nǹkan mìíràn lẹ máa fi yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Ohun tí èmi fi ń wọ̀n wọ́n báyìí ni wàhálà tó wà kéèyàn tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Lọ́jọ́ Ajé, a wọ márúwá. Irú èyí tí wọ́n ń kó wá sí Èkó náà ni, àmọ́ àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni tiwọn. Mo ní Red Fort là ń lọ. Bàbá tó ń wà á ní, "Madam, ọjọ́ Ajé lónìí, wọn kì í ṣí." Mo fajú ro. Àwọn èèyàn ti kìlọ̀ fún mi nílé nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa gbé wa lọ jàre. Ó gbé wa débẹ̀, òótọ́ sì lọ̀rọ̀ ẹ̀. Géètì wà ní títì pa, àwọn àlejò bíi tiwa sì dúró lóòrùn, wọ́n ń ya fọ́tò ògiri. Red Fort kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Mo bẹ bàbá náà pé kó má bínú. Àforíjì tí mo tọrọ yẹn gan-an ló kó wa sí wàhálà.

Torí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí dírẹ́bà mìíràn ní wọ́n ti Qutub Minar pa di aago mẹ́ta, pé àwọn kan ń gbàdúrà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Mo ti kọ́gbọ́n lánàá, àbí? Ó ní ká má wulẹ̀ padà sílé, òun mọ ilé ìtajà ìjọba kan, wíwò lásán ni, wọn kì í fipá tajà. Wọ́n fún wa ní tíì tó gbóná janjan. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lé orí ìkejì, ó sì ń fi ìka ẹsẹ̀ ṣí etí wọn sókè ká lè rí bí wọ́n ṣe ta kókó òwú abẹ́ ẹ̀. Ó tẹ́ ẹ títí tí ilẹ̀ fi ga ju ìjókòó wa lọ. A bọ́ níbẹ̀, dírẹ́bà tún gbé wa lọ sí ti àwọn onígóòlù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé wa dé ti aláṣọ. Nígbà tá a dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, màmá mi kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọjà la wá ná ni àbí orúnkún la wá tọ́jú?"

Kí wọ́n ṣáà lè fi wá sílẹ̀, mo ra ìborùn kan ní 4,500 rúpì. Wọ́n ní irun ewúrẹ́ orí òkè Kashmir ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí ìkejì ẹ̀ nínú ọjà lásán, àwọ̀ kan náà, òdòdó etí ẹ̀ kan náà, 600 rúpì. Iye tíkẹ́ẹ̀tì kan gééré.

Aago mẹ́rin ti kọjá ká tó dé Qutub Minar. Mo bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá àdúrà ti parí. Àdúrà wo? Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí láti ìdájí, kò sì sí ẹni tó ti ibì kankan pa. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ló ń san owó ẹ̀yìn fún dírẹ́bà lórí gbogbo àlejò tó bá kó wá, yálà àlejò rà tàbí kò rà. Ẹsẹ̀ màmá mi ti wú bí ìgbà tí búrẹ́dì bá wú.

Torí náà, kí ẹ kọ èyí sẹ́yìn ọwọ́ yín: Red Fort ń ti ọjọ́ Ajé. Lotus Temple àti Akshardham, tí wọ́n jẹ́ ilé ìsìn, náà ń ti ọjọ́ Ajé. Taj Mahal, tó wà ní Agra lọ́hùn-ún, ọjọ́ Ẹtì ni tiẹ̀. Qutub Minar àti ibojì Humayun ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tó yàtọ̀ fún yín lójú títì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín dé ẹnu géètì. Inú oṣù Kẹjọ nìkan ni kẹ́ ẹ tún máa wádìí Red Fort dáadáa, torí orí ògiri ẹ̀ ni olórí ìjọba ti ń bá ìlú sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò wọlé láwọn ọjọ́ tó ṣáájú.

Red Fort

Shah Jahan, ọba tó kọ́ Taj Mahal, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1639 nígbà tó ń kó ìjọba ẹ̀ bọ̀ láti Agra. Ìta ẹ̀ dára ju inú lọ, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. Ní 1739, Nader Shah láti Persia kó ìtẹ́ ọba tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́ ọ̀kín lọ. Lẹ́yìn ogun 1857, àwọn Òyìnbó wó èyí tó pọ̀ nínú ààfin, wọ́n kọ́ bárékè sójú ẹ̀. Ohun tó kù ni àwọn gbọ̀ngàn mélòó kan tí wọ́n fi òkúta funfun kọ́, wọ́n jìnnà síra, omi ti gbẹ nínú àwọn kòtò tó yẹ kó máa ṣàn. Ìrìn ibẹ̀ pọ̀. Èmi nìkan ni mo padà lọ. Ohun tó ní ju àwọn yòókù lọ ni pé ibùdókọ̀ ojú irin Metro tó ń jẹ́ Lal Quila wà nítòsí ẹ̀ gan-an, ẹ ò nílò márúwá kankan, tẹ́ ẹ bá sì jáde, ọjà Chandni Chowk wà lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú jalebi, ìpápánu dídùn wọn, gbígbóná tó ń kán ṣúgà sílẹ̀.

Qutub Minar

Tí ẹsẹ̀ bá ń dun yín, ibí yìí ló rọrùn jù, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú. Qutb-ud-din Aibak ló bẹ̀rẹ̀ ilé gogoro náà ní nǹkan bí 1199, Iltutmish tó jọba lẹ́yìn ẹ̀ ló kọ́ ọ lọ sókè. Gíga ẹ̀ ń lọ sí mítà 73. Ẹ ò lè gùn ún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ láti 1981, nígbà tí iná kú nínú àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn tẹ ara wọn pa. Ẹ máa gbé orí sókè títí ọrùn á fi dùn yín, bàálù á sì máa gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ohun tó gba ọkàn màmá mi ni òpó irin tó wà nínú àgbàlá, tó ti lé ní 1,500 ọdún tí kò dípẹtà. Ó ronú lọ, ó ní kí wọ́n wá fi irú irin yẹn ṣe orúnkún òun.

Wàhálà ẹ̀ ni pé Metro kò gbé yín dé ẹnu géètì. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ débẹ̀, márúwá lẹ sì máa wọ̀. Ẹ ti gbọ́ ìyókù.

Ibojì Humayun

Àtẹ̀gùn ló pa ọba yìí. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ń kó ìwé sí ní 1556 ló ṣubú. Ìyàwó ẹ̀, Bega Begum, ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ ibojì náà fún un, ó sì tó 60 ọdún kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ Taj Mahal lélẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí fọ́tò Taj rí, ẹ máa dá ọgbọ́n yẹn mọ̀: ọgbà onígun mẹ́rin, omi tó gba àárín ẹ̀, òrùlé roboto lórí. Òkúta pupa lèyí, mábù funfun sì là á já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àbùkù ẹ̀. Àtẹ̀gùn tó gbéni lọ sókè ga, ó dúró ṣánṣán, ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Màmá mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Àtẹ̀gùn ló pa bàbá yìí, wọ́n tún wá to àtẹ̀gùn sójú oórì ẹ̀!" Kò gùn ún. Ó jókòó sábẹ́ igi, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ onílà ń sá kọjá lẹ́sẹ̀ ẹ̀, àwọn ẹyẹ tó dà bí odídẹrẹ́ aláwọ̀ ewé ń pariwo lókè. Kò sẹ́ni tó wá tajà fún un, kò sẹ́ni tó ní òun máa ya fọ́tò fún un. Wákàtí méjì. Ọkọ̀ orí fóònù ló gbé wa lọ, owó ẹ̀ ti hàn ká tó wọlé, kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Ọgbà Sunder Nursery wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn tó kù, ṣókí: India Gate, ọ̀fẹ́ ni, alẹ́ ló dùn. Akshardham, wọn ò gba fóònù wọlé, ẹ fi sílé. Bangla Sahib, ilé ìsìn àwọn Sikh, ọ̀fẹ́, wọ́n á tún fún yín lóúnjẹ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bo orí. Gèlè màmá mi tó. Ooru oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ń kọjá 40 dígírì, ẹ má dán an wò.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ sí méjì yòókù o. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìjọba, Red Fort wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ohun tó ga, tó sì lè fi ahọ́n lé dírẹ́bà dànù, Qutub Minar á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ní ká lè máa lọ sílé, tó sì ku ọjọ́ kan kí bàálù gbé wa, mi ò bi màmá léèrè ibi tó fẹ́ lọ. Ó ti wọ bàtà. A padà sí Humayun, òun pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀ àti ìborùn 4,500 léjìká. Ìpele mẹ́ta ló gùn. Ó jókòó sórí ẹ̀, ó ní kí n lọ wo ìyókù kí n wá ròyìn fún òun.