Báàgì onítáyà tí mo rà ní Alẹ́ṣinlóyè, tí mo wọ́ dé Kúmásì

₦47,000 ni mo ra báàgì yìí lọ́jà Alẹ́ṣinlóyè n'Íbàdàn. ₦55,000 lẹni tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo ná an títí, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, ló bá pè mí padà: "Màmá, ẹ mówó wá, torí pé ẹ jọ ìyá mi ni." Aláwọ̀ aró ni, ike líle tó ń dán, táyà mẹ́rin lábẹ́, kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kò lè fọ́ láéláé, ó tiẹ̀ gun orí ẹ̀ dúró kí n lè rí i. Lóòótọ́, kò fọ́. Ara báàgì náà kò ní àbùkù kankan títí dòní, sípù ẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, irin tí wọ́n fi ń fà á kò mì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n má baà parọ́ mọ́ ọjà ọlọ́jà. Táyà ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àwa mẹ́sàn-án la lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Kúmásì fún ọjọ́ mẹ́wàá. A ò wọ bàálù o. Mọ́tò la wọ̀, láti Ìbàdàn dé Èkó, a gba Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí Kútọnu, a gba Hillacondji wọ Tógò, a gba Lomé bọ́ sí Aflao tó jẹ́ ẹnubodè Gánà. Ẹnubodè mẹ́ta. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀, kálukú á fa ẹrù ẹ̀ kọjá nínú iyanrìn, lórí òkúta àti ọ̀dà tó ti bó. Ẹni tó ṣe táyà báàgì yìí, ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí ló ní lọ́kàn. Bíbélì Yorùbá 26 ló wà nínú tèmi, pẹ̀lú gàrí Ìjẹ̀bú àti èlùbọ́ tí ìyàwó pásítọ̀ wa ní kí n bá òun gbé fún ẹnì kan. Aṣọ tèmi kò ju mẹ́rin lọ.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó rí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn wa, ó ké "Ẹ yin Olúwa!" Ó ní ọmọ Ọlọ́run lòun náà, Àgbádárìgì nìjọ òun wà. Inú wa dùn, a kó náírà fún un, ó ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Tógò, fún wa. Inú mọ́tò la ti kà á, tá a rí i pé 3,000 sẹ́fà ti fò lọ. Olórí wa ní ká má bínú, ká gbàdúrà fún un. Èmi gbàdúrà, àmọ́ n kò lè sọ ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ.

Táyà àkọ́kọ́ sán ní Hillacondji. Mo rò pé mẹ́ta tó kù á gbé e. Ìgbà tá a máa fi dé òpin Lomé, níbi tí ìgboro àti ẹnubodè ti so kọ́ra, èkejì já bọ́ pátápátá. Mo dúró síbẹ̀, oòrùn ń pa mí, àwọn tó kù ti ṣíwájú, wọ́n ń kọrin ìsìn kan. Ìyá kan tó ti ta búrẹ́dì tán, ọpọ́n ẹ̀ ṣófo, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba orin náà lẹ́nu wọn ní èdè Ewe. Ohùn kan náà. Èmi kò gbọ́ èdè ẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi. Mawu tó ń pe Ọlọ́run nìkan ni mo mọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Ó gbé báàgì mi sórí ọpọ́n, ó gbé e karí, a jọ kọjá sí Aflao, a tò, wọ́n wo ìwé wa, wọ́n wo káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tá a dé òdìkejì, mo fún un lówó, ó gbà á, ó kà á lójú mi. Mo fẹ́ràn bó ṣe kà á.

Kúmásì ni mo ti wá rí ohun tí n kò rò. Ìjọ tó gbà wá lálejò, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ló dá a sílẹ̀ nígbà kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Èjìgbò, Inísà ti ń tajà káàkiri Gánà láti ayé àwọn bàbá wa àgbà, wọ́n sì gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dání lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, tó jẹ́ olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó jáde. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń sọ Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ayé àtijọ́, sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ kan ìjọ kún, lọ́sẹ̀ kejì àga ṣófo. Ará Asante nìyá tiẹ̀, ìyẹn lòun fi dúró. Bàbá ẹ̀ lọ, wọn kò fojú kan ara wọn mọ́. Ó wo báàgì mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orí ni bàbá òun fi ru gbogbo ohun tó ní.

Ìyá tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọmọ Gánà ni. Òun ní tiẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti lé e ní 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ, tí báàgì onílà fi gba orúkọ Gánà-mọ́s-gò. Tíṣà ni, Ìbàdàn níbí ló ti kọ́ni. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ta àmàlà ní Mọ́kọ́lá. Ara mi bù máṣọ, torí tíṣà Gánà kan ló kọ́ mi ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin. Mọ́ńdè kan la dé iléèwé, a ò bá a, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún wa. Mo bi í léèrè iléèwé tó ti kọ́ni. Kì í ṣe tiwa. Mo kàn dì mọ́ ọn náà ni.

Ọmọ ẹ̀ ló wá gbé báàgì mi lọ sí Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí bí eéṣú. Ó yọ gbogbo táyà ike yẹn dànù, ó jó irin mọ́ ọn, ó fi bẹ́rìn sí i. Mo bi í pé èló. "Nyame adom," ó ní, ìyẹn ni pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni. Mo fún un ní gàrí Ìjẹ̀bú, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó kan jù, ó dá a padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀: tó bá jẹ́ láti inú mọ́tò sínú bàálù lẹ máa fà á, ẹ rà á, ó dáa. Tẹ́ ẹ bá máa gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, Gánà-mọ́s-gò yín ni kẹ́ ẹ gbé. Máàkì 4 nínú 10 lèmi fún un.

Nígbà tí mo dé, mo wọ́ ọ padà lọ sí Alẹ́ṣinlóyè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbowó mi, mo kàn fẹ́ kí ẹni tó tà á fún mi fojú rí i ni. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé bíríkì lẹ kó sínú ẹ̀ ni?" Mo ní Bíbélì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka yí táyà irin náà, ó ń yí geere. Ó ní ta ló ṣe é fún mi. Mo ní ọmọ ìjọ kan ní Kúmásì ni. Ó ní èló ló gbà. Mo ní kò gba kọ́bọ̀.

"Hà, Màmá," ó ní, "ẹ sọ òótọ́ jàre. Èló?"